Láísẹ́ńsì Kan, Ọkọ̀ Mélòó? Ìtàn Ìwé-Àṣẹ Àwọn Awakọ̀ Òfurufú

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni mo mú wá. Ẹ lè béèrè pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú. Ìbéèrè náà tọ́. Ìyá àgbàlagbà kan ní Ìfọ́n ni ó rán mi níṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo sì wá jẹ́.

Ọmọ ìyá yìí lọ sí òkè-òkun, ó kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú, ó sì gba láísẹ́ńsì. Nígbà tí ó dé, ìdílé pe àwọn ènìyàn jọ, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò pẹ́ tí ọlọ́rọ̀ kan tí ó ní ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fi gbọ́ pé ọmọ Ìfọ́n kan ti di awakọ̀ òfurufú. Ó ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá bá òun ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin náà dé ibẹ̀, wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún un pé kò tíì lè jókòó sí ìdí ọkọ̀ náà. Kí ìròyìn yìí tó dé ilé, ó ti yí padà lójú ọ̀nà. Àwọn kan ní ó ra ìwé ni. Àwọn mìíràn ní kò kàwé náà parí. Ìyá rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú omi lójú, ó ní: "Ọmọ mi, ìwọ tí o mọ̀wé, bá mi wò ó. Bí ọmọ tèmi bá mọ ọkọ̀ òfurufú í wà, ìwé wo ni ó tún kù?"

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdáhùn náà ní ṣókí. Ọmọ náà kò purọ́, ìwé rẹ̀ kì í sì í ṣe ayédèrú. Láísẹ́ńsì tí ó gbà fún un ní àṣẹ láti fi ọkọ̀ òfurufú wíwà ṣe iṣẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọkọ̀ ńlá, àti fún àwọn ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì bí ó ti wù kí wọ́n kéré mọ, ìwé mìíràn ṣì wà tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbà fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Type rating ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ìwé-àṣẹ irú-ọkọ̀. Ìwé yìí ni ọmọ náà kò ní fún ọkọ̀ ọlọ́rọ̀ yẹn. Bí ayé ṣe dé orí ìwé yìí, àti ẹ̀mí tí ó bá a lọ kí ó tó di òfin, ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé wo òde. Àlejò tí ó ti Òṣogbo wá, tí ó bọ́ sí àárín Ìlobùú àti Ìfọ́n, kò ní tètè mọ ibi tí ìlú kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé fara ti ilé, ẹ̀ka-èdè kò sì yàtọ̀ létí àlejò. Ṣùgbọ́n ọmọ onílùú mọ̀. Olóbùú ni ọba Ìlobùú, Olúfọ́n ni ọba Ìfọ́n. Erinlẹ̀ ni a fi mọ Ìlobùú. Òrìṣà Olúfọ́n, òrìṣà aláṣọ funfun, ni a fi mọ Ìfọ́n. Ẹni tí ó ti jẹ àwòrò ní ìdí Erinlẹ̀ kò lè torí bẹ́ẹ̀ wọ ojúbọ Òrìṣà Olúfọ́n kí ó ní òun ni yóò ṣe ètùtù. Kì í ṣe pé kò mọ ẹbọ í rú. Oríkì ibẹ̀ yàtọ̀, èèwọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, ìgbésẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣe é, yóò kọ́kọ́ jókòó kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín. Ohun tí òfin òfurufú ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kò jìnnà sí èyí.

Ìgbà Tí Ìwé Kan Tó

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1919, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn orílẹ̀-èdè kan pàdé ní Paris, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọkọ̀ òfurufú. Lára ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé ẹni tí yóò wa ọkọ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé tí yóò fi hàn pé ó mọ iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ìgbà náà kò ju igi, aṣọ, wáyà àti ẹ̀ńjìnnì lọ. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohun tí ojú kò lè tètè rí. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ọdún 1935, ilé-iṣẹ́ Boeing gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin kan wá fún àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà láti dán wò ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọ̀gágun Ployer Hill ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Hill kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì; àgbà nínú àwọn tí ń dán ọkọ̀ tuntun wò ni. Ọkọ̀ náà gbéra, ó forí lé òkè, ó sì já lulẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé ìdè kan wà lára ọkọ̀ náà tí a fi ń di àwọn apá tí ń darí rẹ̀ mú nígbà tí ó bá wà nílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má ba à bà wọ́n jẹ́. Wọn kò tú ìdè náà kí wọ́n tó gbéra. Méjì nínú àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà kú, Hill sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ológun rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ wíwakọ̀ lásán kò tó mọ́. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń ní èèwọ̀ tirẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìgbésẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí awakọ̀ máa kà á kí ó tó ṣe ohunkóhun.

Síbẹ̀, Ogun Àgbáyé Kejì kò fún ènìyàn láàyè láti kọ́ ohun gbogbo tán. Àwa náà ní ọmọ nínú ogun náà. Emmanuel Peter John Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ adúláwọ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di awakọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní ọdún 1945. Ní àkókò ogun kan náà, ẹgbẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọkùnrin tobìnrin, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé ọkọ̀ láti ibi tí a ti ṣe é lọ sí ibùdó àwọn ológun. A lè fún ọ̀kan nínú wọn ní ọkọ̀ tí kò fojú rí rí. Yóò ṣí ìwé pélébé kan tí ń bẹ nínú àpò rẹ̀, yóò ka ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí a kọ nípa irú ọkọ̀ náà, yóò sì gbéra. Iṣẹ́ akin ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sí i. Ogun lè gba irú ewu bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sanwó kí a gbé e dé Èkó kò bá wa ṣe irú àdéhùn yẹn.

Nítorí náà, kí ogun tó parí pàápàá, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Chicago ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ó bí Àjọ Ọkọ̀ Òfurufú Àgbáyé, èyí tí a mọ̀ sí ICAO. Ní ọdún 1948 ni wọ́n gba ìlànà ìwé-àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ òfurufú wọlé gẹ́gẹ́ bí Àfikún Kìn-ín-ní sí àdéhùn náà. Nàìjíríà wọ inú àjọ yìí ní ọdún 1960 tí ó gba òmìnira. Ohun tí ìlànà náà wí lónìí yé ni dáadáa: ọkọ̀ tí a bá ti fọwọ́ sí pé awakọ̀ méjì ni yóò máa wà á, ẹni tí yóò jókòó sí ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ irú ọkọ̀ náà gan-an.

Ààlà 12,500

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé orí ọkọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ àti oníṣòwò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti díjú jù.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà ra ọkọ̀ ológun tí a kò lò mọ́, wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń fi í gbé àwọn ọ̀gá wọn kiri. Al Ueltschi, tí ó jẹ́ awakọ̀ fún olórí ilé-iṣẹ́ Pan American, ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wa ọkọ̀ wọ̀nyí kò rí ẹni kọ́ wọn bí ó ti yẹ lórí ọkọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1951, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ FlightSafety sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí àti irú rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di àṣà pé kí awakọ̀ kọ́ irú ọkọ̀ kan nínú yàrá ẹ̀rọ tí a ṣe bí iwájú ọkọ̀ gan-an. Níbẹ̀, iná lè sọ, ẹ̀ńjìnnì lè kú, ọkọ̀ sì lè já, kí ẹnikẹ́ni má sì fara pa.

Kò pẹ́ tí jẹ́ẹ̀tì fi dé. JetStar ti ilé-iṣẹ́ Lockheed kọ́kọ́ fò ní ọdún 1957. HS-125, tí a bí ní ilé-iṣẹ́ de Havilland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fò ní oṣù Kẹjọ ọdún 1962. Mystère 20 ti ilẹ̀ Faransé, tí ayé wá mọ̀ sí Falcon 20, fò ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963 kan náà ni Learjet 23 ti William Lear fò ní ìlú Wichita.

Lear ni ó fi ìtàn yìí sí ojú ọ̀nà tí ó ń bá lọ. Òfin Amẹ́ríkà fa ààlà kan: ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ kò bá ju 12,500 pọ́n-ùn lọ, èyí tí ó súnmọ́ 5,670 kìlógíráàmù, jẹ́ ọkọ̀ kékeré, èyí tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ ńlá. Òfin ọkọ̀ ńlá le. Ó béèrè pé bí ẹ̀ńjìnnì kan bá kú nígbà tí ọkọ̀ ń sáré láti gbéra, kí ọkọ̀ náà lè dúró kí pápá tó tán, tàbí kí ó lè fi ẹ̀ńjìnnì tí ó kù gòkè lọ láìséwu. Òfin ọkọ̀ kékeré kò le tó bẹ́ẹ̀. Lear kò jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ààlà náà, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1964 lábẹ́ òfin ọkọ̀ kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ẹ̀tì tí ń sáré bí ọkọ̀ ogun ṣe wọ ọjà lábẹ́ òfin tí a ṣe fún ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wà á, ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ ni ó mọ́ wọn lára. Ìjàǹbá kò wọ́n ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Nígbà tí Learjet 24 tẹ̀lé e, òfin ọkọ̀ ńlá ni a fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1966. Ẹ kíyè sí i: ojú kò lè tètè mọ Learjet 23 yàtọ̀ sí Learjet 24. Ohun tí ó yà wọ́n jù ni òfin tí a fi wọ̀n wọ́n.

Ìtàn Citation ti ilé-iṣẹ́ Cessna tún yani lẹ́nu ju èyí lọ. Citation àkọ́kọ́, èyí tí a ń pè ní 500, gba ìwé-ẹ̀rí ní ọdún 1971 lábẹ́ òfin ọkọ̀ ńlá. Awakọ̀ méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣòwò fẹ́ máa wa ọkọ̀ wọn fúnra wọn, láìsan owó iṣẹ́ fún igbákejì. Ní ọdún 1977, Cessna mú ọkọ̀ kan náà lọ síwájú ìjọba pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, wọ́n pè é ní 501, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí fún un lábẹ́ òfin ọkọ̀ kékeré. Ẹnì kan ṣoṣo lè wa 501. Nígbà tí àbúrò wọn tí ó tóbi jù wọ́n lọ dé, ohun kan náà ni wọ́n ṣe: 550 lè wúwo ju 13,000 pọ́n-ùn lọ pẹ̀lú awakọ̀ méjì, 551, tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, kò gbọdọ̀ kọjá 12,500, ẹnì kan sì lè wà á.

Ẹ ò rí i pé Ìlobùú àti Ìfọ́n nìyẹn? Àlejò dúró sí pápá, ó rí ọkọ̀ méjì tí ó jọra, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Awakọ̀ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe yóò kọ́kọ́ béèrè pé, lábẹ́ òfin wo ni a bí èyí?

Ìwé awakọ̀ pàápàá ní àmì ìyàtọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìwé-àṣẹ irú-ọkọ̀ kan tí wọ́n ń kọ ní CE-500 ni ó kó 500, 501, 550 àti 551 pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú igbákejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn yóò kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wà á láìsí igbákejì. Ẹni tí ó bá dá ìdánwò náà ṣe tí ó sì yege ni a kò ní kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí tirẹ̀.

Orúkọ Kan, Irú Púpọ̀

Ibi tí olùkọ́ èdè ti lè dá sí ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan fẹ́ ìyàwó, ọ̀kan ń kọ ebè, ọ̀kan ń gbé èrò, ọ̀kan sì ń pa ẹran nínú igbó. Àmì orí wọn ni ó yà wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fojú di àmì yóò fi ọkọ́ gbé èrò.

Orúkọ àwọn jẹ́ẹ̀tì oníṣòwò rí bẹ́ẹ̀. Citation ni Cessna ń pè é, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ CE-500 kò lè torí rẹ̀ wa Citation tí ó jẹ́ CE-525, tàbí CE-650, tàbí Citation X tí ó jẹ́ CE-750. Orúkọ ìdílé kan ni wọ́n ń jẹ́, ìwé wọn yàtọ̀. Hawker náà ńkọ́? HS-125 àti gbogbo ọmọ rẹ̀, títí dé èyí tí wọ́n pè ní Hawker 900XP, wà lábẹ́ ìwé-àṣẹ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Hawker 4000, tí a fi orúkọ kan náà tà, jẹ́ ọkọ̀ mìíràn pátápátá, ìwé tirẹ̀ sì dá dúró.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí ojú rí bí ọ̀tọ̀, ọ̀kan ni. Falcon 50 kéré sí Falcon 900, inú wọn kò sì dọ́gba, ṣùgbọ́n ìwé-àṣẹ kan náà, DA-50, ni ó so wọ́n pọ̀, nítorí ọ̀nà tí a ń gbà wa wọ́n jọra. Falcon 7X ní ẹ̀ńjìnnì mẹ́ta bíi tiwọn, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ó ń gbé àṣẹ awakọ̀ Falcon 7X lọ sí apá àti ìrù ọkọ̀, kì í ṣe okùn àti ọ̀pá irin. Ìwé-àṣẹ tirẹ̀ dá dúró gedegbe.

Ta wá ni ó ń pinnu pé ọkọ̀ méjì jẹ́ irú kan tàbí irú méjì? Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ àwọn awakọ̀ ìjọba ni ó ń jókòó lé e lórí. Wọ́n ń wọn ìyàtọ̀ àárín ọkọ̀ méjì ní ìpele márùn-ún, láti A dé E. Ní ìpele A, kí awakọ̀ ka ìwé fúnra rẹ̀ ti tó. Bí ìyàtọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i, ẹ̀kọ́ náà yóò máa pọ̀ sí i: olùkọ́ yóò wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́ yóò wọ̀ ọ́. Bí ó bá dé ìpele E, irú mìíràn ni wọ́n kà á sí, awakọ̀ yóò sì gba ìwé-àṣẹ tuntun. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ irú ìwọ̀n yìí. Olùkọ́ Yorùbá lè ka ìwé lóru kan kí ó fi kọ́ni ní ewì tí kò kọ́ni rí; ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó lọ kọ́ni ní kẹ́mísìrì, kí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kù.

Ọ̀rọ̀ Ilé Wa

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wálé. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní ọdún 1946 ni ó bí Nigeria Airways ní ọdún 1958. Ní ọdún 1964 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òfurufú sílẹ̀ ní Zaria, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ti gba láísẹ́ńsì wọn àkọ́kọ́. Àjọ NCAA, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1999 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000, ni ó ń fún awakọ̀ ní ìwé ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tí ó bá gba ìwé ní òkè-òkun, àjọ yìí ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó lè fi í ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àìbáramu òfin láàárín orílẹ̀-èdè ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé-àṣẹ irú-ọkọ̀ lọ́wọ́ igbákejì awakọ̀. Ti ọ̀gá nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ìlànà àgbáyé, ní tirẹ̀, béèrè ti àwọn méjèèjì. Bí igbákejì ará Amẹ́ríkà bá fò dé ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n lè ní ìwé rẹ̀ kò pé. Ní ọdún 2005 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun tí ó fún àwọn igbákejì ní ìwé-àṣẹ irú-ọkọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, nítorí púpọ̀ nínú àwọn jẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọlọ́rọ̀ wa ń gùn ni a fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní òkè-òkun. Òfin ilẹ̀ tí ọkọ̀ ti gba nọ́ńbà ni awakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, kì í ṣe òfin ilẹ̀ tí ó balẹ̀ sí nìkan.

Àpẹẹrẹ kejì wà nínú ọkọ̀ Ààrẹ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1916 kọ́ o, ní ti ọdún 2016 ni, ìjọba àpapọ̀ polówó Falcon 7X kan àti Hawker 4000 kan nínú ọkọ̀ Ààrẹ fún títà. Owó ni gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohun tí a ti ń bá bọ̀ wò ó. Nínú ọgbà kan náà ni Boeing wà, Gulfstream wà, Falcon wà, Hawker wà. Irú kọ̀ọ̀kan ń béèrè awakọ̀ tí ó ní ìwé-àṣẹ tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó mọ tirẹ̀, àti ìdánwò tí a ń tún ṣe lóòrèkóòrè. Awakọ̀ Hawker kò lè bá ti Falcon dí àyè bí ó bá ń ṣàìsàn. Ẹni tí ó kó irú mẹ́rin jọ kò ra ọkọ̀ nìkan. Ó ra ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin mọ́ ọn.

Ìwé kẹta ṣì kù, yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ àti ti awakọ̀: ìwé ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó ní jẹ́ẹ̀tì fún ara rẹ̀ ń gba ìyọ̀ǹda láti fi í gbé ara rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láìgba owó ọkọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NCAA dá ìyọ̀ǹda irú èyí dúró fún àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi ọkọ̀ aládàáni gba èrò olówó. Èrò tí ó sanwó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rò pé jẹ́ẹ̀tì ni jẹ́ẹ̀tì ń jẹ́. Kò mọ̀ pé àyẹ̀wò tí òfin ń ṣe fún ẹni tí ń gba owó èrò le ju ti ẹni tí ń gbé ara rẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò ní ìwé ti pọ̀ jù. Ẹjọ́ wọn ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ààlà 12,500 kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó já láti ọ̀run; ènìyàn ni ó fà á, ènìyàn sì ti ń tún un ṣe. Ní ọdún 2017, Amẹ́ríkà tún òfin ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kọ, wọn kò sì fi ìwúwo yìí pín in sí ọ̀nà mọ́ bíi ti àtijọ́. Owó ìwé-àṣẹ irú-ọkọ̀ jẹ́tì kan ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, òkè-òkun ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì ń lọ gbà á. Ọmọ tálákà tí ó ta ilẹ̀ baba rẹ̀ láti gba láísẹ́ńsì lè máà rí ilẹ̀ kejì tà fún ìwé-àṣẹ yìí. Ìṣòro gidi ni èyí, ó sì yẹ kí ìjọba àti àwọn tí wọ́n ni ọkọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n kí a mú ìwé náà kúrò kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Ìdè tí Hill kò tú ní ọdún 1935 ṣì wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó ń yí padà. Ẹni tí a ti kọ́ nípa irú ọkọ̀ náà ni ó mọ ibi tí ìdè náà wà.

Mo padà lọ bá ìyá náà ní Ìfọ́n. Aláró ni nígbà tí agbára wà. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín, láìdárúkọ Learjet tàbí Citation. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní: "Èmi tí mo mọ aró í rẹ, kò sí ẹni tí ó gbé òfì fún mi rí kí n wá hun ún. Wọn kò torí ìyẹn pè mí ní òpùrọ́." Ó dìde, ó ní òun ń lọ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. Ọmọ rẹ̀ ń kó owó jọ lọ́wọ́lọ́wọ́ láti lọ kọ́ HS-125.

Kò jìnnà sí Ìfọ́n, ní Ìdó-Ọ̀ṣun, pápá ọkọ̀ òfurufú kan wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ láti sọ ọ́ di Pápákọ̀ Òfurufú MKO Abíọ́lá. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá rí jẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí wọ́n bi í: òfin wo ni a fi yẹ ọkọ̀ yìí wò? Ṣé ìwé-àṣẹ irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà á? Ṣé ẹni tí ó ń fi í ṣiṣẹ́ ní àṣẹ láti gba èrò?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ jókòó yí mi ká, mo ti sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fi sílẹ̀ fún yín láti jíròrò: nínú iṣẹ́ tiwa, iṣẹ́ olùkọ́, ta ni ó ń béèrè lọ́wọ́ wa irú ọkọ̀ tí ìwé wa fún wa láṣẹ láti wà?